Ooru Inú Kọ̀ǹpútà: Ẹ Jẹ́ Kí Atẹ́gùn Rí Ọ̀nà Wọlé, Kí Ó Sì Rí Ọ̀nà Jáde

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàdo, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, "Kí ló kàn mí nínú kọ̀ǹpútà?" Bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe ìdánwò, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń tẹ ìwé rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, ìsọ̀ ìtẹ̀wé ni ẹ ń gbé e lọ, kọ̀ǹpútà ni ẹ sì ń bá níbẹ̀. Nísinsin yìí, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ti ń ra tiwọn. Ohun tí a bá sì fi owó ẹgbẹ́ rà, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń tọ́jú rẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Ẹjọ́ ara mi ni.

Ní ọdún 2021, àwọn ìyá tí mo ń kọ́ ní ìwé dá owó jọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, irú èyí tí ó ní àpótí onírin tí a ń gbé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Wọ́n fẹ́ fi tẹ ìwé kíkà ti ara wọn: bí a ti ń ṣe ọṣẹ, bí a ti ń yan gàrí, ìtàn tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn. Ìyá àgbà kan wà nínú wọn tí kò mú páńsìlù rí títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ni ó kọ ojú ìwé mẹ́fà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ sínú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, èmi ni mo sì ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bákan. Bí a bá tẹ ìwé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, fáànù inú rẹ̀ a máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ a falẹ̀. Tí ó bá tún ṣe díẹ̀, ojú rẹ̀ a ṣókùnkùn, ó di kíkú. Lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́, ojú ìwé mẹ́fà tí mo tẹ̀ láìfi pamọ́ sì bá a lọ. Ìyá àgbà wò mí, ó ní, "Olùkọ́, ṣé ọ̀rọ̀ mi ló jóná yẹn?"

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Ẹnìkan sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà náà ti gbó, pé kí a lọ ra òmíràn. Owó tí ó kù nínú àpò ẹgbẹ́, owó tí a fẹ́ fi tún ẹ̀rọ gàrí ṣe ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí àwọn ìyá fi pín sí méjì. Àwọn kan ní kí a ra òmíràn, àwọn kan ní kí a pa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tì.

Ẹ̀yin ará wa, kọ̀ǹpútà náà kò gbó. Ooru ni ó ń pa á. Èmi gan-an ni mo sì di atẹ́gùn lọ́nà.

Ibo ni ooru náà ti ń wá?

Gbogbo iná mànàmáná tí kọ̀ǹpútà ń jẹ, ooru ni ó ń dà nígbẹ̀yìn. Bí àpótí kan bá ń jẹ iná 100 wáàtì, ó dà bí ẹni pé ẹ tan gílóòbù àtijọ́ oní 100 wáàtì sínú rẹ̀, ẹ sì pa ìdérí dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́ kan irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ó ti ń jó ni lọ́wọ́.

Ibi tí ooru náà ti pọ̀ jù ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí ń ṣe ìṣirò gbogbo. Kékeré ni, kò tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa jẹ iná tó 65 wáàtì bí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé irin kan lé e lórí, irin tí ó ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ bí eyín òòyà. Irin náà ń gba ooru lára ọpọlọ, fáànù kékeré orí rẹ̀ sì ń fẹ́ ooru náà kúrò láàárín eyín òòyà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè yìí dáadáa: ibo ni fáànù kékeré yẹn ń fẹ́ ooru náà sí? Inú àpótí kan náà ni. Bí ooru náà kò bá rí ọ̀nà jáde kúrò nínú àpótí, fáànù náà yóò tún fà á padà, yóò tún fẹ́ ẹ lu ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po, tí inú àpótí yóò máa gbóná sí i.

Bí ooru ọpọlọ bá ti sún mọ́ 100 °C, kọ̀ǹpútà a mọ̀ fúnra rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dẹ ìrìn rẹ̀, kí ooru lè dínkù. Bí ooru kò bá dínkù, yóò pa ara rẹ̀. Kí a má ṣe pe èyí ní àrùn. Ààbò ni wọ́n ṣe sí i, kí ó má baà jó.

Ẹ wo ilé ìdáná

Gbogbo wa mọ ilé ìdáná tí ó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ìyá bá dáná níbẹ̀, èéfín yóò kún gbogbo ilé, omijé yóò máa dà lójú rẹ̀. Bí ó bá gbé abẹ̀bẹ̀, tí ó ń fẹ́ ẹ tagbáratagbára, ǹjẹ́ èéfín yóò lọ? Kò ní lọ. Yóò kàn máa yí po nínú ilé ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá ihò sí ara ògiri lókè, ní òdì kejì ẹnu ọ̀nà, atẹ́gùn tútù yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé nísàlẹ̀, yóò kọjá lórí iná, yóò sì gbé èéfín gba ihò òkè jáde.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni àpótí kọ̀ǹpútà. Ó nílò ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn tútù yóò gbà wọlé, ó nílò ihò tí ooru yóò gbà jáde, ọpọlọ kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ sílé lónìí, èyí ni kí ẹ mú lọ: iye fáànù kọ́ ni ó ń mú kọ̀ǹpútà tutù, ọ̀nà atẹ́gùn ni.

Bí a ti ń mọ apá ibi tí fáànù ń fẹ́ sí

Ẹ wo fáànù inú àpótí dáadáa. Ojú rẹ̀ méjèèjì kò jọra. Ojú kan ṣí sílẹ̀, ẹ ó máa rí abẹ rẹ̀ dáadáa. Ojú kejì ní apá ike mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó di àárín rẹ̀ mú. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáànù, ojú tí ó ṣí sílẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ojú tí apá ike wà ni ó ń gbà jáde. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní àmì ọfà lára tí ó ń tọ́ka ọ̀nà náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí kì í tan ni jẹ. Ẹ ya bébà pẹlẹbẹ kan, kí ó fẹ̀ tó ìka kan, kí ó gùn tó ìka. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì mú bébà náà sún mọ́ ihò fáànù láti ìta. Ẹ má ti ìka bọ inú rẹ̀ o. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ ojú ihò, fáànù yẹn ń fa atẹ́gùn wọlé. Bí bébà bá ń fò kúrò, fáànù yẹn ń tú atẹ́gùn síta. Bí bébà kò bá mira rárá, fáànù yẹn ti kú, tàbí nǹkan dí i.

Ibi tí ó yẹ kí fáànù wà

Ìkíní, iwájú àpótí, nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Fáànù tí ó bá wà níbẹ̀, kí ó máa fa atẹ́gùn wọlé.

Ìkejì, ẹ̀yìn àpótí, lókè. Ibẹ̀ ni ihò èéfín. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà a sábà máa wà nítòsí ibẹ̀. Fáànù ẹ̀yìn, kí ó máa tú ooru síta.

Ìkẹta, orí àpótí, bí ihò bá wà níbẹ̀. Ooru a máa gòkè, nítorí náà fáànù orí pẹ̀lú, kí ó máa tú síta.

Ìkẹrin, àpótí kékeré tí ń pín iná sínú kọ̀ǹpútà ní fáànù ti ara rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Kí ẹ ṣáà rí i pé ohunkóhun kò dí ihò rẹ̀.

Fún kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ ìwé, fáànù kan níwájú àti fáànù kan lẹ́yìn tó. Àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà fún fídíò àti àwòrán ńlá lè fi kan tàbí méjì kún un, nítorí káàdì àwòrán wọn a máa mú ooru púpọ̀ wá. Ṣùgbọ́n fáànù méjì tí ó mọ ọ̀nà sàn ju mẹ́rin tí ń bá ara wọn jà lọ.

Ó tún dára kí atẹ́gùn tí ń wọlé pọ̀ díẹ̀ ju èyí tí ń jáde lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí èyí tí ń jáde bá pọ̀ jù, àpótí yóò máa fa atẹ́gùn gba gbogbo ihò wíwẹ́wẹ́ ara rẹ̀, eruku yóò sì bá a wọlé. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ń wọlé bá pọ̀ jù, ihò wíwẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn yóò máa tú atẹ́gùn síta, gbogbo eruku yóò sì gba ojú kan wọlé, níbi tí ẹ ti lè fi asẹ́ gbà á.

Àṣìṣe tí èmi ṣe

Nítorí eruku ọyẹ́, mo gbé àpótí náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi, mo fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, mo sì fi aṣọ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bò ó. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ooru tí fáànù ẹ̀yìn ń tú síta, ibi kankan ni kò lè lọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Iwájú ni ó ń gbà padà wọlé.

Nígbà tí mo rí i pé ó ń gbóná, mo ra fáànù kan sí i, mo sì dè é mọ́ orí àpótí, lápá ẹ̀yìn, kí ó máa fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Ọ̀rọ̀ burú sí i. Ọmọkùnrin ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò, ni ó mú bébà pẹlẹbẹ wá, tí ó sì fi hàn mí. Atẹ́gùn tútù tí fáànù mi ń fà wọlé lókè, fáànù ẹ̀yìn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbà á, ó ń tú u síta lójú kan náà. Ó dà bí ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tí wọ́n sì tì í gba fèrèsé jáde kí ó tó kí ará ilé. Atẹ́gùn náà kò dé ibi tí ooru wà rárá. Níwájú, níbi tí ó yẹ kí fáànù wà, kò sí nǹkan kan, eruku sì ti dí gbogbo ihò ibẹ̀ bí ìgbà tí a fi amọ̀ rẹ́ ẹ.

Àṣìṣe mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Wọ́n a ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀ kí ó lè tutù. Lóòótọ́, ó lè ràn án lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku yóò wọlé, aáyán yóò wọlé, alángbá pàápàá lè wọlé, ọwọ́ ọmọdé sì lè kan ohun tí kò yẹ. Ẹ lò ó bí ìdánwò nìkan. Bí ẹ bá ṣí ìdérí, tí ooru rẹ̀ sì dínkù gidigidi, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà atẹ́gùn inú àpótí yín kò dára. Ẹ tún ọ̀nà náà ṣe, kí ẹ sì dá ìdérí padà.

Wáyà inú àpótí náà ńkọ́? Bí wọ́n bá pọ̀ lójú fáànù iwájú bí ìtàkùn inú igbó, atẹ́gùn kò ní kọjá. Ẹ kó wọn jọ, ẹ fi okùn dè wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí a ti ń gbọn eruku rẹ̀

Ní àsìkò ọyẹ́, ó dára kí a máa wò ó ní oṣooṣù. Ní àsìkò òjò, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta lè tó. Ẹ tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí iná tí ó kù lè tán. Ẹ dúró díẹ̀ kí ó tutù.
2. Ẹ gbé e lọ sí ìta. Ẹ fi aṣọ bo imú yín.
3. Kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà ná.
4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tí irun rẹ̀ rọ̀ gbọn eruku láàárín eyín òòyà, lára fáànù, àti lójú ihò iwájú.
5. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku, ẹ di fáànù mú kí ó má yí. Bí ó bá ń sáré ju bó ti yẹ lọ, ó lè bàjẹ́.
6. Ẹ má lo omi, ẹ má lo aṣọ tútù, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́ lè ta sí i. Asẹ́ iwájú nìkan ni a lè fọ̀, bí ó bá ṣe é yọ, kí a sì sá a kí ó gbẹ pátápátá.
7. Ẹ má ṣí àpótí kékeré tí ń pín iná láéláé. Iná a máa kù sínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà rẹ̀, ó sì lè gbé ènìyàn.

Ohun tí fáànù kò lè ṣe

Fáànù kò lè mú inú àpótí tutù ju inú yàrá lọ. Bí yàrá bá gbóná tó 38 °C, atẹ́gùn 38 °C náà ni fáànù yóò máa fà wọlé. Nítorí náà, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà sí ojú oòrùn, ẹ má gbé e sí ìdí ògiri páànù. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, nítorí ilẹ̀ ni eruku ń sùn sí. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà sí ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó páńsìlù tuntun kan. Bí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ sì ti pa á, tí ó ti tutù, ìgbà náà ni kí ẹ fi aṣọ bò ó. Kí ẹ sì ṣí i kí ẹ tó tàn án.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí, tí ó sì ń kú síbẹ̀, ẹ wò bóyá fáànù orí ọpọlọ ṣì ń yí. Ìpara kan tún wà láàárín ọpọlọ àti irin eléyín òòyà, tí ń mú kí ooru kọjá láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ó lè gbẹ bí ọdún bá pọ̀. Ẹ pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ tiwa ti parí

A gbé àpótí náà kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. A gbọn eruku rẹ̀. A tú fáànù tí mo dè mọ́ orí rẹ̀, a sì dè é síwájú, nísàlẹ̀, kí ó máa fa atẹ́gùn wọlé. Fáànù ẹ̀yìn ń tú ooru síta bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. A kò ra ohun kankan kún un. Lọ́jọ́ náà, a tẹ ìwé láti àárọ̀ títí oòrùn fi dé àtàrí, kò kú, kò sì ké. Owó àpò ẹgbẹ́ lọ sí ibi tí a ti pinnu rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ gàrí.

Ní ti ojú ìwé mẹ́fà tí ó sọnù, ìyá àgbà ṣí àpò rẹ̀, ó mú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú mi. Ó ní, "Olùkọ́, eléyìí kì í gbóná. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ." Láti ọjọ́ náà, mo ń fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Kí ni ó fà á tí fáànù tí olùkọ́ rà fi mú kí ọ̀rọ̀ burú sí i?
2. Ẹ lọ sí ìsọ̀ ìtẹ̀wé tí ó sún mọ́ yín. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ẹ sì fi bébà pẹlẹbẹ dán fáànù kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Èwo ni ó ń fà, èwo ni ó ń tú?
3. Ẹ wo ilé ìdáná tiyín. Ibo ni èéfín ń gbà jáde?

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé yín, kí ẹ sì kà wọ́n sókè: ooru, atẹ́gùn, ẹnu ọ̀nà, ihò, asẹ́, eruku.